Kí Ọ̀dà Tó Kan Pátákó

Àwọn oníbàárà tó ń gbé iṣẹ́ wá fún wa ní Upper Sakponba, owó ọ̀dà ni wọ́n gbà pé àwọn ń san. Wọ́n á dúró ti agolo, wọ́n á máa bi wá: pupa mélòó ló máa gbà, búlúù ńkọ́, funfun ńkọ́? Tí a bá dá owó lé e, wọ́n á ní ó ti wọ́n jù, ṣebí agolo méjì péré náà ni. Kò sẹ́ni tó béèrè rí pé ṣọ́ọ̀kì tí a fi fa ìlà, èló ni. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀dà kàn ń tọ ipasẹ̀ ohun tí ṣọ́ọ̀kì ti parí ni. Mo ti dàgbà, n kì í gba iṣẹ́ mọ́, mo lè sọ ọ́ wàyí láìbẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni á tìtorí ẹ̀ já owó mi.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni wá. Lọ́rì gẹdú ni bàbá mi ń wà, láti inú igbó ìhà Benin lọ sí Sapele, níbi tí ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood, tó jẹ́ ti UAC, ti ń fi gẹdú ṣe pákó pẹlẹbẹ tí gbogbo wa ń pè ní pláíwúùdù. Upper Sakponba ló kó ìdílé rẹ̀ sí, torí owó ilé ibẹ̀ rọjú ju ti àárín ìlú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀ lónìí, tẹ́ ẹ bá ti Ring Road gba títì Sakponba lọ sókè, ilé ló so mọ́ ilé títí dé ìhà Idogbo. Nígbà tí mò ń wí yìí, oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa. Ogun abẹ́lé bá wa níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Benin ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ti ìjọba àpapọ̀ sì gbà á padà ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án. Ìtàn ogun kọ́ ni mo jókòó láti sọ. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé lẹ́yìn ogun ni owó tún padà sígboro, tí gbogbo ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ń wá pátákó tí yóò gbé síta, tí bàbá mi sì rí i pé oúnjẹ wà nínú kí ènìyàn mọ lẹ́tà kọ kó gún, kó sì mọ àwòrán yà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́, ọmọ Ẹdó ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé Èkó pẹ́, ó gbọ́ Yorùbá débi pé òwe ló fi ń bá mi wí. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, tí oníbàárà bá wà níjòókòó, Ọ̀gá ló máa pè é. Abà onípáànù kan létí títì ni ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn káfíńtà tó ń kan ara bọ́lẹ̀kájà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyá alákàrà wà lọ́wọ́ òsì. Èéfín ti ìyá yìí àti eruku títì ni ọ̀tá tí ọ̀dà wa ní. Ilẹ̀ Benin pupa, ẹ mọ̀ ọ́n. Tí lọ́rì bá sáré kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí o kùn ní funfun á ti di aláwọ̀ ọsàn kó tó gbẹ. Ìdájí la fi máa ń kun funfun, tàbí lẹ́yìn òjò.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà mí láyè láti fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Orí ni mo ń fà. Mo fà á sórí pákó, mo fà á sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, mo fà á sẹ́yìn bébà àpò sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá á fà á bí ẹyin, á fi ìlà kan là á láàárín lóròó, á fi òmíràn là á níbùú kí ojú lè rí ibi jókòó sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá sọ ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu: “Orí kan, ara mẹ́ta.” Ìyẹn ni pé bí orí bá ṣe ga tó, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó bá nàró, orí méje sí méje ààbọ̀ ló wà nínú ìdúró rẹ̀. Mo ti fi okùn wọ̀n ọ́n lára bàbá mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀gá, mo ní, “Ẹ má bínú, Ọ̀gá, ènìyàn ò rí báyìí.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bọ́ sí òdìkejì títì, kí n máa sáré lọ, kí n sì máa wo pátákó onígbàjámọ̀ tí a gbé sí iwájú abà. Nígbà tí mo padà dé, ó ní, “Kí lo rí?” Orí ni mo rí. N kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá àwòrán náà wọ bàtà.

Ó ní, “Àwọn tó wà nínú lọ́rì nìyẹn. Kò sí èyí tó máa sọ̀ kalẹ̀ wá wo ẹsẹ̀.”

Bí ẹ bá bi mí, gbogbo iṣẹ́ wa kò ju ìdáhùn yẹn lọ. A kì í ya ènìyàn bí ojú ṣe rí i. À ń yà á fún ẹni tó ń kọjá lọ, kó lè mọ̀ ọ́n kó tó kọjá tán. Ohun tó bá máa dí onítọ̀hún lọ́wọ́, a ó dín in kù. Ohun tó bá máa dá a dúró, a ó fi kún un. Kò sì sí ibi tí a ti lè pinnu ìyẹn àfi nígbà tí nǹkan ṣì wà lójú ṣọ́ọ̀kì, tí àkísà tútù ṣì lè nù ún nù.

Ní 1973 ni wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù sí àárín Ring Road, níbi tí a tún ń pè ní King's Square. Ọ̀gá ti ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kó gbogbo wa lọ. Bí a bá ní ká sọ òótọ́, ohun tí mo rò ni pé a fẹ́ lọ gbafẹ́. Iwájú àwọn pátákó idẹ ló mú wa lọ ní tààrà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Igun láyé àtijọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí nílé mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó wọn lọ ní 1897, nígbà tí wọ́n jó ìlú, tí wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. London àti Berlin ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wọlé sí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó kù tó wa í wò. Jagunjagun kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àṣíborí àti àpáta, orí rẹ̀ rìbìtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúkurú, ó ki pọ́pọ́. Ọ̀gá na àtàǹpàkò àti ìka kan, ó fi wọn orí jagunjagun náà láti ọ̀nà jíjìn, ó wá gbé ìwọ̀n náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó bá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mu. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn bojú wò mí.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn àgbà ìgbàanì kò mọ bí a ṣe ń wọn ara ni. Irọ́ gbáà ni. Ẹ lọ wo ti Ifẹ̀, níbi tí ojú ti jọ ojú débi pé o lè rò pé ó fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Àwòrán idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó ní 1957, tó dúró láti orí dé ẹsẹ̀, tòun ti bí ojú rẹ̀ ṣe pé tó, orí rẹ̀ gba bí ìdá mẹ́rin gbogbo ìdúró rẹ̀. Ẹni tó lè rọ irú ojú bẹ́ẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ló máa ṣòro fún un? Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Orí ni wọ́n fẹ́ kí o wò.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe nígbà náà, ọ̀kan ni mo lè tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni pé àná ni. Ìyá kan wá láti Ugbekun, ohen Olókun ni, ìyẹn àwòrò rẹ̀, aṣọ funfun látòkè délẹ̀. A kúnlẹ̀ kí i. Ó tú ìdì kan, ó fa àwòrán kan yọ tí fírémù rẹ̀ ti ya: obìnrin onírun gígùn tó kún bo èjìká, tó di ejò mú. Kò sẹ́ni tí kò mọ obìnrin yẹn nínú wa. Mámìwọ́tà ni.

Ìgbà tí mo ti di bàbá ọmọ ni mo tó ka ìtàn àwòrán náà, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ní ilé ìtẹ̀wé Adolph Friedländer, láàárín 1880 sí 1890, láti fi polówó obìnrin kan tó ń fi ejò dárà fún èrò ìwòran. Ó bá ọkọ̀ ojú omi dé etíkun wa. Ní 1955, ilé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà Shree Ram ní Bombay tún tẹ 12,000 rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ní Kumasi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tàn ká ọjà gbogbo. Oníṣe-ejò láti òkè òkun wá di ẹni tí wọ́n ń júbà ní àgbàlá Olókun ní Benin. Ohun kan sì wà lára àwòrán náà tó jẹ́ ẹ̀bùn fún àwa tí à ń yàwòrán: ìbàdí ló parí sí. Kò ní ẹsẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń yà á ló wà. Ìrù ẹja ni àwọn ènìyàn ń fẹ́, ìrù ẹja la sì ń fún wọn.

Ìyá yìí ní òun ò fẹ́ kí a da àwòrán náà kọ. Èdè Ẹdó ni òun àti Ọ̀gá ń sọ, Ọ̀gá ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, ẹni tí mò ń sìn, mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe òyìnbó. Jẹ́ kí irun gùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ ẹni wa.”

Ọ̀gá kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya kékeré sẹ́yìn bébà kàlẹ́ńdà. Nínú àkọ́kọ́, obìnrin náà dúró gbọnrangandan, ó ń wò wá. Nínú èkejì, ó yí ìbàdí díẹ̀, ó gbé apá méjèèjì sókè. Èkejì ni Màmá nàka sí. Ọ̀gá fi rúlà pín bébà náà sí ilé-ilé, mẹ́rin níbùú, mẹ́jọ lóròó. Pláíwúùdù náà sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan lórí bébà di ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko lórí pákó. A ti kun pákó ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú kí ṣọ́ọ̀kì lè hàn. A fi ṣọ́ọ̀kì pa òwú, èmi di orí kan mú, ọmọ iṣẹ́ kejì di orí kejì mú, Ọ̀gá fà á sókè láàárín, ó jù ú sílẹ̀, ìlà gún lórí pákó kedere. Báyìí la ṣe pín in tán. Orí gba ilé méjì nínú mẹ́jọ. Ẹ ti mọ ìdí.

Nígbà náà ni Ọ̀gá ní kí a jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àkísà tútù wà lọ́wọ́ òsì. Ó fa ojú, ó nù ún, ó tún un fà, ó jẹ́ kí ìpéǹpéjú yọ síta bí àwọn ará Igun ṣe máa ń ṣe é lára idẹ. Ó fa ọrùn gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó wá fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn dí i láti èjìká dé àgbọ̀n. Ó ní ọ̀nà méjì ni ìyẹn gbà wúlò: wọ́n ń sọ ọ́ ní Benin pé ọ̀dọ̀ Olókun, ní Ughoton, ni Ọba Ewuare ti rí iyùn, nítorí náà ó yẹ ẹni tí à ń yà, èkejì, ẹni tó bá fi iyùn bo ọrùn kò ní í ṣe wàhálà òjìji abẹ́ àgbọ̀n. Ibi ìrù ló pẹ́ sí jù. Tó bá yí i sápá òsì, àwòrán náà á dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Tó bá nà án sílẹ̀ gbọọrọ, ó di ẹja lórí àtẹ. Níkẹyìn ó ká a sókè sápá ọ̀tún títí etí ìrù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbọ̀nwọ́, ojú ènìyàn wá ń tẹ̀lé e láti ìsàlẹ̀ padà lọ sí orí. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ rí i pé obìnrin náà ti pé. Kò tíì sí àwọ̀ kankan lára rẹ̀, ó sì ti pé.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín àti ọ̀dà pupa-dúdú tó ti fi tàpentáìnì là tọ ìlà náà. Nígbà tó gbẹ, a nu ṣọ́ọ̀kì kúrò, a ránṣẹ́ pe Màmá kó wá wò ó. Ìgbà yìí ni à ń gba àtúnṣe. Tí ọ̀dà bá ti wọ̀ ọ́ tán, owó ló máa yí i padà. Màmá wò ó, ó mi orí, ó bi wá pé ìgbà wo la fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ojú ni a ń kùn kẹ́yìn. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, òun la ń kọ́kọ́ kùn: funfun ojú, eyín, owó ẹyọ tó bá wà. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì àti tàpentáìnì ṣì mọ́ nígbà náà ni, ìdájí sì ni, eruku kò tíì jí. Lẹ́yìn ìyẹn ni búlúù ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀, tó ń mọ́ bọ̀ lókè. Ara ló wá kàn. Ọ̀gá á po àwọ̀ mẹ́ta sínú ìdérí agolo. Èyí tó dúdú jù, búráùn tó fi búlúù díẹ̀ sí, nítorí kò fẹ́ràn kí a fi dúdú gidi sára ènìyàn. Ó ní ó máa ń pa ara. Èyí àárín, búráùn fúnra rẹ̀. Èyí tó mọ́ jù, búráùn pẹ̀lú yẹ́lò àti funfun bí orí abẹ́rẹ́. Èyí tó dúdú a fi kun gbogbo ara, àárín a fi sí ibi tó bá yọ síta, èyí tó mọ́ a fi sí ibi tí òòrùn máa kọ́kọ́ bà: iwájú orí, gíga imú, ètè ìsàlẹ̀, èjìká, oríkèé ọwọ́. A gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó gbẹ, ìka la sì ń fi pa wọ́n pọ̀. Ìpẹ́ ẹja ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwa ọmọ iṣẹ́. A gé páálí ní ìlàjì òbìrí, a ń tò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, etí dúdú lápá kan, ìlà funfun tín-ín-rín lápá kejì, títí ẹ̀yìn fi ń ro wá.

Màmá dé, ó yọ̀. Ó dúró pẹ́. Ó wá sọ pé, “Pupa iyùn yìí dára o.” Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe àgbàlá Olókun nìkan ló fẹ́ Mámìwọ́tà. Láti 1966 tí Victor Uwaifo ti gbé “Guitar Boy”, orin Mámìwọ́tà rẹ̀, jáde, onílé ọtí tó bá fẹ́ kí èrò mọ ibi tó wà, òun ló ń béèrè. Uwaifo fúnra rẹ̀, ayàwòrán àti agbẹ́gilére ni. Western Boys' High School ló lọ ní Benin, ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí Bruce Onobrakpeya lọ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé a jọ tẹ erùpẹ̀ pupa kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn dé gbogbo àgbáyé, tiwa sì wà létí títì.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, ó bọ́ sápá ọ̀tún. Awakọ̀ rí ìyọnu, àwa rí iṣẹ́. Àwòrán tó ti kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀ wá kẹ̀yìn sí i, ọwọ́ tó ń nàka sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wá ń nàka sínú gọ́tà. Àwọn tó bìkítà gbé pátákó wọn padà wá, kí a yí ojú àwòrán. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń dojú rẹ̀ kọ òdìkejì. Bí orí bá yí, èjìká yí, ìmọ́lẹ̀ náà yí. Láti orí ṣọ́ọ̀kì la tún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí àjọ̀dún FESTAC dé ní 1977, ojú Ìyá Ọba Idia bo gbogbo ìlú. Erhabor Emokpae, ọmọ Benin, ló fi ojú Idia tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ṣe àmì àjọ̀dún náà. Eyín erin fúnra rẹ̀ wà ní British Museum ní London, wọn kò sì yá wa. Ilé ìgẹrun, ilé ìránṣọ, ọkọ̀ èrò, ojú Idia ni gbogbo wọn fẹ́, pẹ̀lú orí àwọn Potogí onírùngbọ̀n tó tò yí adé rẹ̀ ká àti ìlà méjì tó dúró lóròó níwájú orí. A rí owó gidi lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò gbádùn rẹ̀. Ó ní Emokpae ti bá wa ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì tán, ọ̀dà nìkan ló kù fún wa. Mo rò nígbà náà pé ìlara ni. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyókù ò gùn. Mo gba fúrídọ̀mù, mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ lápá òkè títì kan náà, mo tọ́ ọmọ iṣẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn tí a wọ ẹgbẹ̀rúndún tuntun, fẹ́lẹ́ẹ̀sì dé, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ láàárín wákàtí kan. Fọ́tò ènìyàn gidi ló wà lórí rẹ̀, orí méje ààbọ̀ nínú ìdúró kan. Láti inú mọ́tò, o ò ní mọ̀ bóyá bíṣọ́ọ̀bù ni tàbí alága ìjọba ìbílẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ọmọ ọmọ mi kan ń yàwòrán báyìí lórí táábúlẹ́ẹ̀tì, fún àwọn tó ń kọ ìwé ìtàn alápèjúwe, àwọn kan nínú wọn wà ní Amẹ́ríkà. Mo máa ń jókòó tì í. Ó kọ́kọ́ fa ìlà ráuràu, ó sọ ìlà náà di fífẹ́rẹ́, ó fa èyí tó mọ́ sórí rẹ̀, ó da àwọ̀ pẹrẹsẹ sí i, ó fi òjìji sí i, ó fi ìmọ́lẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ wà ní pele-pele, ọ̀kan lórí èkejì, ó sì lè ṣí èyí tó bá fẹ́ kúrò. Orí ńlá, ojú ńlá, ẹsẹ̀ kúkurú. N kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó ní àwọn ará Japan ni òun wò.

Ohun kan ṣoṣo la ò tíì fẹnu kò lé lórí. Tó bá kùn ún tán, ó máa ń fi ìlà dúdú tó nípọn sílẹ̀ yí gbogbo ara ká. Èmi ní kó jẹ́ kí ìlà náà wọlé sínú àwọ̀ lápá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, kó fi í sílẹ̀ lápá òjìji nìkan, bí Ọ̀gá ṣe máa ń ṣe é. Ó ní, “Bàbá, àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn ìlà.” Mo bi í pé ṣé wọ́n ń san owó ìlà. Ó ní rárá o, iye àwọ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá owó.